Pákó ò dá, àmọ́ ó ń jó lábẹ́ ẹsẹ̀

Káfíńtà Ẹ̀gbá (Leeds):
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín o. Mo tẹ́ pákó òkè pẹtẹ́ẹ̀sì fún oníbàárà kan. I-joist (igi abẹ́ ilẹ̀ tó rí bíi lẹ́tà I: igi tó nípọn lókè àti nísàlẹ̀ ni etí rẹ̀, pákó pẹlẹbẹ ló wà láàárín) tó ga ní mílímítà 240 ni mo lò, mo tò wọ́n ní 600 síra. Mítà 4.2 ló wà láti ògiri dé ògiri tẹ́lẹ̀, ìyá ilé ní pálọ̀ gbayawu lòun fẹ́, ló bá di 5.4. Ẹnjiníà wò ó, ó ní ó máa gbé e. Ó kúkú gbé e. Àmọ́ bí ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́rin, bá sáré kọjá, gbogbo ife inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa dún woroworo. Ṣé kí n da kọnkéré lé e?

Adélé Ẹnjiníà:
Ẹ má dà á o, ẹ̀gbọ́n! Kí igi má dá lọ́tọ̀, kí igi má mì lọ́tọ̀. Bí igi bá gùn ní ìlọ́po 2, títẹ̀ rẹ̀ á di ìlọ́po 16. Láti 4.2 sí 5.4 yín yẹn, ó ti tó ìlọ́po 2.7. Eurocode 5, ìlànà Yúróòpù fún ilé onígi, ní ilẹ̀ ilé gbígbé tí mímì rẹ̀ ò bá tó ìgbà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ká yẹ̀ ẹ́ wò lákànṣe, torí ẹsẹ̀ èèyàn lè máa lu ìlù tí ilẹ̀ ọ̀hún á máa jó sí. Ìwúwo kọnkéré á tún dín iye ìgbà yẹn kù, á wá burú sí i.

Káfíńtà Ẹ̀gbá:
Ṣebí wọ́n da kọnkéré sí ilé onígi gíga Norway yẹn?

Adélé Ẹnjiníà:
Mjøstårnet, mítà 85.4. Àjà 12 dé 18 ni wọ́n fi kọnkéré ṣe, kí afẹ́fẹ́ má bàa máa fi odindi ilé fì. Tiwọn yàtọ̀ sí tiyín.

Bàbá Apákó (Mushin):
Ọmọ mi, ká síìlìnì wò. Gé I-joist kéékèèké, fi há àárín wọn. Fi gọ́ọ̀mù àti skúrù de pákó orí rẹ̀. Kó o tún wò ó bóyá ẹni tó ṣe páìpù gé etí wọn. Pákó pẹlẹbẹ àárín la ń lu ihò sí, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan etí!

Káfíńtà Ẹ̀gbá:
Bàbá, mo ṣí i láàárọ̀ yìí. Ó gé etí ìsàlẹ̀ méjì, àárín gbùngbùn. Mo ti fi òpó tì í, mo ti ní kí ọmọ náà máa ṣeré nísàlẹ̀. Ẹnjiníà ń bọ̀ lọ́la.