Ìlùkìkì ọkàn ìyá mi ti pọ̀ jù: kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Òde: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Ọ̀dọ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ìyá mi, ẹni ọdún 74, ń gbé, nítorí pé àbúrò mi tó wà ní Èkó kì í tilẹ̀ béèrè bí wọ́n ṣe jí. Owó ara mi ni mo fi ra stethoscope, ohun èlò tí dókítà fi ń gbọ́ ìró ọkàn, ẹni tó sì tà á fún mi kò fi bí a ṣe ń lò ó hàn mí, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ dùn nígbà tó ń gbowó. Láàárọ̀ yìí mo gbé e sí àyà wọn, mo sì ka 112 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ṣe bàbá ọkọ mi bẹ́ẹ̀ rí, àṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn tán ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi díẹ̀ ná.

Nọ́ọ̀sì Ìpẹru: Ẹ kọ́kọ́ fi ìka kan ojú stethoscope náà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ yí orí rẹ̀ padà. Awọ ara ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe orí bùbá: ní òsì àyà, lábẹ́ ọmú, ní àlàfo karùn-ún láàárín àwọn egungun ìhà. Ìró méjì tó tẹ̀ léra, kì-kì, ìlù kan ṣoṣo ni. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ti àgbàlagbà tó ń sinmi kì í sábà kọjá 60 sí 100.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́: Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Ọrùn ọwọ́ la ti ń kà á láyé tiwa.

Nọ́ọ̀sì Ìpẹru: Bàbá, bí ọkàn bá ń lù ségesège, kì í ṣe gbogbo ìlù rẹ̀ ló ń dé ọrùn ọwọ́.

Ọmọ Òde: Mo mọ nǹkan kà, ẹ má bínú. Ìró kọ̀ọ̀kan ni mo kà, torí kò sẹ́ni tó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Èébì ló ń gbé wọn láti àná, wọn kò fọwọ́ kan ìkọ́kọrẹ́ tí mo sè. Bóyá digoxin, oògùn ọkàn tí dókítà kọ fún wọn, ni kò bá wọn lára mu.

Nọ́ọ̀sì Ìpẹru: Ẹ dúró! Ìdajì 112 ni 56. Bí ìlùkìkì ọkàn àgbàlagbà tó ń lo digoxin bá wà lábẹ́ 60, a kì í fún un ní oògùn náà títí a ó fi bá dókítà sọ̀rọ̀. Èébì àti àìlèjẹun sì wà lára àmì pé oògùn náà ti pọ̀ jù lára. Ṣé ẹ ti fún wọn ní ti òní?

Ọmọ Òde: Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì Ìpẹru: Ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn nísinsìnyí, kí ẹ mú páálí oògùn náà dání, kí ẹ sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé 56 ni ẹ kà.