Ẹ gbà mí o, ọwọ́ mi ò yá tó nínú ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́sírà wa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta fáyólìnì nínú ọ̀kẹ́sírà àdúgbò, tí kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ yín.

Mo ti dàgbà kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni mo fi wà láàárín fáyólìnì kejì, àwọn tó ń ta ìlà orin kejì fún fáyólìnì, ní ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Apá inú, tó jìnnà sí àwọn òǹwòran, ni mo jókòó sí, nítorí náà èmi ni mo máa ń ṣí ìwé orin fún èmi àti ẹnìkejì mi tá a jọ ń wo ìwé kan náà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Kí n tó ṣí ìwé tán, kí n gbé ọ̀pá tá a fi ń ta fáyólìnì padà sórí okùn, àwọn tó kù ti lọ jìnnà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo já wọlé síbi tí gbogbo wọn ti dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ohùn kan ṣoṣo, tèmi! Olùdarí ò sọ nǹkan kan, ó kàn wò mí ni. Ì bá kúkú bú mi.

Ẹnìkejì mi ní tí orin bá yá jù, kí n máa ta nóòtì àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin mẹ́rin, kí n fo ìyókù. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ń ṣe, àbí èrú ni?

Ọ̀kan ṣì kù. Alẹ́ ni mo máa ń ráyè dánra wò, ògiri ilé sì fẹ́lẹ́. Mo fi rọ́bà tó ń pa ohùn há orí afárá okùn, igi kékeré tó gbé okùn dúró, ṣùgbọ́n n kì í gbọ́ ara mi dáadáa mọ́. Tá a bá wá pàdé, tí óbò, ohun èlò orin tí wọ́n ń fi ẹnu fọn, fún wa ní A, nóòtì tí gbogbo wa fi ń tún okùn ṣe, okùn mi á bá tiwọn mu, ìka mi ò ní bá a mu. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?