LED mi ń pọ́n níparí, ẹ gbà mí o
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi iná ṣe iṣẹ́ ọnà, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ James Turrell, ará Amẹ́ríkà tó ń fi iná ṣe iṣẹ́ ọnà, ló kó sí mi lórí, bí iná ṣe máa ń kún inú yàrá tó ò sì ní rí ibi tó ti ń wá, nǹkan témi náà ń wá nìyẹn. Mo wá to LED strip (okùn pẹlẹbẹ tó ní iná kéékèèké lára) 5V mítà 5 sẹ́yìn pátákó, àmọ́ tí mo bá tan funfun, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ á funfun báláú, ìparí ẹ̀ á máa pọ́n. Mo pààrọ̀ power supply tó ń fún un níná, pàbó. Tí mo bá dín iná kù àwọ̀ á bára mu, ṣùgbọ́n kò ní kún yàrá mọ́, kí wá ni mo ṣe é fún? Mo mọ̀ pé fóltéèjì ló ń dín kù lójú ọ̀nà, iná búlúù inú LED sì máa ń fẹ́ fóltéèjì ju pupa lọ. Tí mo bá fa wáyà láti power supply lọ síparí ẹ̀, ṣé ó tó, àbí mo gbọ́dọ̀ fà á sáàárín náà?