Àbúrò mi fẹ́ lọ ṣe nọ́ọ̀sì ní La Ronge ní Kánádà, ta ló mọ ibẹ̀?

OmoIlode (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú tó bá gùn.

Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ti rí iṣẹ́ sí Kánádà. A ti yọ̀, a ti se ìrẹsì, a ti pe pásítọ̀, àfi ìgbà tó wá fi orúkọ ìlú náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. La Ronge, ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan. Mo wá a lórí máàpù, mo ń fi ìka fà á sókè, mo ń fà á, mo ń retí kí n rí ìlú ńlá kan nítòsí, igbó àti omi ṣáá ni mo ń rí. Adágún kan wà níbẹ̀ tó dà bí ìgbà téèyàn da gààrí sínú abọ́ omi tí kò rò ó, erékùṣù kéékèèké ló kún inú ẹ̀ bámúbámú.

Wọ́n ní àwọn Cree ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìyẹn àwọn tó nilẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Mo lọ sọ fún màmá wa ní Ìlódè pé àwọn tí òyìnbó ń pè ní Íńdíà ni, wọ́n ní "Íńdíà wo? Àwọn tó ń ta ọfà nínú fíìmù yẹn?" Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ kí n má purọ́, èmi náà ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n bi mí tẹ̀lé e ni mi ò lè dáhùn. Wọ́n ní "Ṣé wọ́n máa ń kí èèyàn níbẹ̀? Ṣé wọ́n mọ àgbà?" Torí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London ti sọ fún wọn pé ọdún mẹ́ta lòun fi gbé ilé kan tóun ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé òdìkejì ògiri, látìgbà yẹn ni ẹ̀rù òkè òkun ti ń ba màmá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ti dé apá ibẹ̀, ṣé kí ó lọ ni àbí kí ó dúró de ìlú ńlá? Ẹ sì bá mi dáhùn ti màmá yẹn pẹ̀lú.

Tunde_Lagere

Bọ̀dá, ẹ sọ fún un kó dúró de Toronto jàre. Èèyàn ò lè kúrò n'Ífẹ̀ kó tún lọ máa gbé abúlé. Ta ló máa rí níbẹ̀, ìkookò?

MamaTobi_SK

Tunde, o ò débẹ̀ rí o ti ń dá ìkookò sílẹ̀ 😂

Ẹ kúulé o OmoIlode. Ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́ ni mí (ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ti parí), nọ́ọ̀sì lèmi náà, ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ ní La Ronge yẹn gan-an kí n tó kó wá sí Saskatoon, torí náà ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ìlú náà kéré lóòótọ́, bí 2,500 èèyàn ni, àmọ́ abúlé Air Ronge wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ilẹ̀ àwọn Cree fúnra wọn náà sì fẹ̀gbẹ́ kan ìlú, tó fi jẹ́ pé tó o bá ń rìn o ò ní mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Lac La Ronge Indian Band ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn, àwọn ló pọ̀ jù nínú gbogbo irú ẹ̀ ní Saskatchewan, wọ́n lólórí tí wọ́n ń dìbò yàn, wọ́n nílé ìwé tiwọn. Ṣọ́ọ̀bù wà, báńkì wà, pápákọ̀ òfuurufú kékeré wà. Láti ìlú Prince Albert, ìrìn náà tó 240 kìlómítà, bíi ká kúrò n'Ífẹ̀ ká dé Èkó ká tún ṣẹ́kù díẹ̀, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí Ìkirè, kò sí dòdò, kò sí ẹni tó máa sáré wá ta omi fún ẹ lójú fèrèsé, igi ni lọ́tùn-ún igi ni lósì. Kó tètè kọ́ mọ́tò wíwà o, torí bọ́ọ̀sì ìjọba tó máa ń rìn káàkiri Saskatchewan, wọ́n ti pa á rẹ́ láti 2017.

Òtútù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n má tan yín. Ó máa ń dé 40 sísàlẹ̀ òdo. Tó o bá mí sínú báyìí, irun imú ẹ á le gan-gan. Wáyà kan máa ń yọ jáde níwájú mọ́tò bíi ti áyọ́ọ̀nù, òun lo máa kì bọ iná lálẹ́ kí ẹ́ńjìnnì má baà dì, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbàgbé ni mo mọ̀ pé mọ́tò náà lè kú bí ewúrẹ́. Nínú December, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣú. Nínú June ẹ̀wẹ̀, ó ń lọ sí aago mẹ́wàá alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ọmọ ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù níta, ẹ̀fọn sì ń jẹ wọ́n, ẹ̀fọn ibẹ̀ ò mọ̀ pé Kánádà lòun wà. Adágún yẹn máa ń dì títí àwọn èèyàn á fi wa mọ́tò lórí ẹ̀. Òru kan mo gbọ́ "gbàù!" bí ìbọn, mo ti ń wá ibi tí mo máa sá sí, kí wọ́n tó sọ fún mi lówùúrọ̀ pé yìnyín ló ń sán.

Ohun tó bà mí lẹ́rù ju òtútù lọ ni iná igbó. Ní 2015 wọ́n kó gbogbo ìlú jáde. Ní June 2025 wọ́n tún kó wa jáde, èmi náà wà níbẹ̀, èèyàn bí 7,000. Ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn náà ni gbogbo wa gbà, èéfín ń bò wá, ojú ọ̀run pọ́n bí epo. Ṣọ́ọ̀bù Robertson tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, níbi tí àwọn ọdẹ ti ń ta awọ ẹran, jóná ráúráú. Bí ọ̀sẹ̀ kan ká tó padà wálé. Kí àbúrò yín máa kó páásípọ́ọ̀tù àti ṣájà fóònù sínú báàgì kan lẹ́nu ọ̀nà látìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku ti màmá. Wọ́n ń kí èèyàn. Àmọ́ kì í ṣe báyìí tiwa o, "ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìjókòó", rárá. Àwọn àgbà wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ò túmọ̀ sí pé wọ́n ń bínú. Ìyá àgbàlagbà kan wà tí mo máa ń bá di egbò ẹsẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́, bí ogún ìṣẹ́jú, kò sọ nǹkan kan, èmi náà mo panu mọ́, ìgbà tí mo parí ló wò mí, ó ní ta ni ìyá ìyá mi. Kò bèèrè orúkọ mi, kò bèèrè ìlú mi, ìyá ìyá mi! Mo sọ fún un, mo ní wọ́n ń ta aṣọ òkè, mo ní orí ẹ̀yìn wọn ni mo ti kọ́ oríkì mi. Ó mi orí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kó ẹja gbígbẹ wá fún mi nínú bébà, whitefish tó yan fúnra ẹ̀, òórùn èéfín ẹ̀ bíi ti ẹja inú ọjà Ọjà-Tuntun gẹ́lẹ́. Mo fi se ẹ̀fọ́. Mo sunkún díẹ̀ nígbà tí mò ń jẹ ẹ́, ẹ má bèèrè ìdí ẹ̀.

"Kokum" ni wọ́n ń pe ìyá àgbà, "mushum" ni bàbá àgbà, ẹnikẹ́ni tó bá ti dàgbà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, yálà ẹbí ni àbí kì í ṣe ẹbí. Ẹ ní kí ó kí wọn ní "tānisi". Àwọn náà ń fi ẹnu júwe nǹkan bíi tiwa, wọ́n á kàn yọ ẹnu sọ́ọ̀ọ́kán, o ti mọ ibi tó o máa lọ. Wọ́n sì láwàdà! Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, o ti di ara ilé nìyẹn.

Tunde_Lagere

Ó dáa, mo gbà, mo jẹ́bi 🙏 Àmọ́ mo ka á níbì kan pé ọtí pọ̀ nínú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀, ìjà pọ̀. Irọ́ ni?

MamaTobi_SK

Wàhálà wà, mi ò ní bò ó. Àmọ́ bi ara ẹ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba àti ìjọ onígbàgbọ́ kó ọmọ wọn lọ sílé ìwé tí wọ́n ń sùn sí, ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n gé irun wọn, wọ́n ń nà wọ́n tí wọ́n bá sọ èdè ilé wọn, òmíràn ò sì padà wálé mọ́. Kì í ṣe ìtàn àtijọ́ o, Saskatchewan ṣì ní ọ̀kan tí kò tì títí di 1996, olórí ìjọba Kánádà ò tọrọ àforíjì títí di June 2008. Àwọn tó wá gba oògùn lọ́wọ́ mi, òmíràn nínú wọn lọ síbẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí àwọn kan máa bẹ̀rù ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ yúnífọ́ọ̀mù, torí náà kí àbúrò OmoIlode má ka sùúrù sí àfiṣòfò.

TisaAgba_Ilesa

Mo kí gbogbo yín. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí níhìn-ín n'Íléṣà, mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, kí n má baà parọ́ mọ́ ara mi mo tún fi ọwọ́ kàn án lórí íntánẹ́ẹ̀tì lánàá kí n tó kọ èyí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dín "Íńdíà, Íńdíà" yẹn kù. Orúkọ yẹn wà nínú òfin Kánádà lóòótọ́, ó sì wà nínú orúkọ ẹgbẹ́ wọn, àmọ́ àlejò ò gbọ́dọ̀ máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ní La Ronge, nīhithaw ni wọ́n ń pe ara wọn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wọn ti bá tiwa mu, torí àwọn Cree tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ máa ń pe "èmi" ní niya, àwọn La Ronge ní nitha, àwọn kan lápá ìlà oòrùn ní nina. Ẹ ò rí i pé bí ará Ọ̀yọ́ ṣe ń sọ pé "ilé" tí àwa Ìjẹ̀ṣà ń sọ pé "ulé", tí wọ́n ń jẹ "iṣu" tí àwa ń jẹ "usu" náà ni? Lẹ́tà kan péré lo máa fi mọ ibi tí ẹnì kan ti wá.

Èyí tó mú mi jókòó ni ti àlùfáà. Gbogbo wa mọ Àjàyí Crowther, CMS, 1843 ni wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí. Ọdún méje lẹ́yìn ìyẹn, 1850, ẹgbẹ́ CMS yẹn kan náà rí Henry Budd, ọmọ Cree, wọ́n fi ṣe díákónì lápá ibẹ̀ yẹn. Nígbà tí Townsend sì ń tẹ Ìwé Ìròyìn jáde l'Abẹ́òkúta ní 1859, àwọn èèyàn CMS ń kọ́ ilé ìjọsìn onípákó lọ́wọ́ ní Stanley Mission, kò jìnnà sí La Ronge, 1854 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, 1860 ni wọ́n parí, ó ṣì dúró síbẹ̀ lónìí, òun ni ilé tó pẹ́ jù tó ṣì dúró ní gbogbo Saskatchewan. Ọ́fíìsì kan náà ní London ni Crowther àti Budd ń kọ lẹ́tà sí, bóyá inú dúróò kan náà ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí, ta ló mọ̀.

Wọ́n ní ọ̀nà ìkọ̀wé tiwọn náà. Ìwé sọ pé òyìnbó kan, James Evans, ló ṣe é ní Norway House ní 1840, àwọn àgbà Cree kan sì sọ pé irọ́ ni, pé láti ọ̀run ni wọ́n ti fún àwọn. Àmì kan náà ni wọ́n ń yí: ᐯ ni pe, ᐱ ni pi, ᐳ ni po, ᐸ ni pa. Kò sí pé à ń fi dọ́ọ̀tì sábẹ́ tí ọmọ ilé ìwé ń gbàgbé. Kí Bíbélì Yorùbá tó pé lódindi ní 1884, àwọn ti ń ka tiwọn ní bí ogún ọdún ṣáájú.

Ti ilẹ̀ náà ńkọ́. February 1889 ni olórí wọn, James Roberts, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Treaty 6 pẹ̀lú ìjọba ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Dọ́là márùn-ún lọ́dún fún orí kọ̀ọ̀kan wà nínú àdéhùn yẹn. Títí di òní dọ́là márùn-ún náà ni. Wọ́n ṣì ń tò gbà á, kì í ṣe torí owó, torí kí ìjọba má baà gbàgbé pé àdéhùn wà. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀.

Mo rántí bí wọ́n ṣe ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa nílé ìwé tá a bá sọ Yorùbá. Mi ò fi wé tiwọn o, àwa ń padà sílé ní aago méjì, ìyá wa á sì ti se ọbẹ̀ sílẹ̀.

OmoIlode

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin màmá. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún màmá lánàá, mo ń túmọ̀ níbi tó bá le. Ìgbà tí mo dé ibi "ta ni ìyá ìyá ẹ", wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá pe àbúrò mi lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní oríkì ìyá wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n ní bí wọ́n bá bi í níbẹ̀ kó má lọ máa wo ẹsẹ̀.

Ó ti fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ náà. September ló ń lọ.

MamaTobi, màmá ní kí n bi yín: ẹja inú adágún yẹn, ṣé ó légungun?

MamaTobi_SK

😂😂 Ẹ sọ fún wọn pé èyí tí wọ́n ń pè ní pike légungun bí nǹkan míì. Walleye ni kó máa rà. Tí kokum kan bá fún un ní pike, kó gbà á, kó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kó lọ fara balẹ̀ ṣa egungun ẹ̀.