Daiquiri ife 60: ìgbà wo ni kí n da omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọtí pò, ẹ kú iṣẹ́ o. Àríyá kan ń bọ̀ ní Òkè-Ìléwó lọ́sàn-án Sátidé, Daiquiri ni wọ́n sì fẹ́, ìyẹn ọtí àpòpọ̀ tí wọ́n ń fi rọ́ọ̀mù (ọtí ìrèké), omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà ṣe. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi bùléńdà lọ̀ o. Ti Kúbà gan-an ni, tó jẹ́ orúkọ Daiquirí, ibi tí wọ́n ti ń wa irin nítòsí Santiago de Cuba. Jennings Cox, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó kọ́kọ́ pò ó, ní nǹkan bí 1898. (Bí ẹni pé ará Kúbà ò tíì máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ mu ọtí ìrèké kó tó dé!)

Ife kan gba rọ́ọ̀mù funfun mílílítà 60, omi ọsàn 30, omi ṣúgà 20. Téèyàn bá fi yìnyín mì í fún ìṣẹ́jú àáyá 12, omi yìnyín tó wọ inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó ta èèyàn lọ́fun.

Ẹni méjì péré ló máa mì í, apá ò lè ká ife 60. Ṣé kí n po rọ́ọ̀mù lítà 3.6, omi ṣúgà 1.2 àti omi tútù 1.5 sínú fìríìsà lálẹ́ Jímọ̀, kí n wá da omi ọsàn lítà 1.8 sí i tó bá ku wákàtí kan? Omi ọsàn tá a fún láàárọ̀ máa ń korò tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́.

Ọsàn ọjà Láfẹnwá náà ò kan dọ́gba. Ṣé ṣúgà ni kí n máa fi tún un ṣe, àbí kí n dín ọsàn kù?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n fi ògógóró rọ́pò rọ́ọ̀mù. Òórùn rẹ̀ á bo ọsàn mọ́lẹ̀.