Gbígba olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì sí ilé-ìwé aládàáni lókè òkun: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Olórí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, Thailand

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwa tí à ń gbani síṣẹ́ kì í sábà dá sí i. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ lọ́dọ̀ tiwa náà, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó mọṣẹ́ dáadáa ni kì í ríṣẹ́ nítorí ohun tí kò mọ̀ pé à ń wò.

Ilé-ìwé aládàáni ni tiwa, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé girama. Oṣù karùn-ún ni ọdún ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Thailand, abala kejì á wọlé ní oṣù kọkànlá. Nítorí náà, láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin la máa ń wá olùkọ́ lójú méjèèjì. Ẹni tó bá kọ̀wé sí wa ní oṣù keje, àfi bí olùkọ́ kan bá ṣàdédé lọ la tó lè pè é.

Dìgírì ni mo kọ́kọ́ ń wò. Láìsí i, ọwọ́ ilé-ìwé so, torí a ò lè bá ènìyàn gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ Khurusapha, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń fún olùkọ́ níwèé àṣẹ níbẹ̀. Ẹni tí dìgírì rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀kọ́ olùkọ́, wọ́n lè yọ̀ǹda fún un kó máa kọ́ni fún ọdún méjì, kó sì fi àsìkò yẹn wá ọ̀nà tí yóò fi kúnjú ìwọ̀n. Sátífíkéètì ìkọ́ni wúlò, àmọ́ wọn ò rí bákan náà. CELTA ti Cambridge, ìyẹn sátífíkéètì ìkọ́ni Gẹ̀ẹ́sì kan, ń gbà tó wákàtí 120 ó kéré tán, wákàtí 6 nínú rẹ̀ sì ni ènìyàn máa fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gidi tí ọ̀gá wà nídìí, tó ń wò ó. Èyí tí ènìyàn fi òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò dé iwájú akẹ́kọ̀ọ́ kankan, mi ò lè fi ọkàn tán an.

Ìdánwò ìkọ́ni ló máa ń parí ọ̀rọ̀. Kíláàsì gidi la máa ń kó fún wọn, fún ogún ìṣẹ́jú. Ní ọdún kan, ó ku ènìyàn méjì. Ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin tó wá láti ilẹ̀ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìyá wọn. Ohùn rẹ̀ dùn, inú àwọn tó jókòó sẹ́yìn ti ń dùn kó tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì jẹ́ obìnrin kan láti Áfíríkà, ẹlẹ́sọ̀ ènìyàn. Iṣẹ́ kan náà la fún wọn: bí a ṣe ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kọjá.

Ọkùnrin yẹn kọ ìlànà sí pátákó. Ó ṣàlàyé, ó tún un ṣàlàyé, ó bi àwọn ọmọ bóyá ó yé wọn. Gbogbo wọn ní ó yé àwọn. Àsìkò pé, kò sí ọmọ kan tó dá gbólóhùn kan sọ.

Obìnrin yẹn ò tiẹ̀ mú ṣọ́ọ̀kì. Ó gbé àpò rẹ̀ sórí tábìlì, ó yọ agbòjò tó ṣì tutù jáde, ó yọ tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó yọ báńdéèjì kan. Ó wá ní kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ni àpò náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọmọ kan ní “She miss the bus.” Kò bá a wí. Ó tún gbólóhùn náà pè bó ṣe yẹ, tẹ̀rín tẹ̀rín, ó sì nawọ́ sí ẹlòmíràn. Kí agogo tó lù, ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn pátápátá, tí kì í lanu nínú kíláàsì mi, ti ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jiyàn: ṣé “she fell” ni àbí “she slipped”?

Ìpàdé wa gùn lọ́jọ́ náà. Ẹnìkan ní àwọn òbí máa béèrè pé ọmọ ibo ni. Mo ní kí a pe àwọn òbí wá wo kíláàsì rẹ̀. Òun la gbà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ní ilé-ìwé púpọ̀, irú rẹ̀ kì í dé iwájú pátákó rárá, torí orí páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ti ń já ìwé rẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Olùkọ́ kan, Ṣáínà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìlú Ọba ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti kàwé gboyè, nítorí náà ọ̀rọ̀ páásípọ́ọ̀tù ò dí mi lọ́wọ́. Ajẹ́ntì ló fẹ́ dí mi lọ́wọ́.

Lẹ́yìn intafíù kan ṣoṣo lórí Zoom, ó ní wọ́n ti gbà mí. Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ́ni, kò sẹ́ni tó béèrè ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá. Ó ní kí n fi físà M wọlé, èyí tí àwọn oníṣòwò ń gbà, pé tí mo bá ti débẹ̀ wọ́n á yí i padà. Mo ní kó fi ìwé ìfilọ̀ àṣẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń sọ pé àwọn gbà kí ènìyàn wá ṣiṣẹ́. Ó ní ó ti wà lọ́nà. Mo tún béèrè lọ́sẹ̀ kejì, ó ní bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo sọ fún un pé èmi ò ní bá wọn ṣe é bẹ́ẹ̀, mo sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ilé-ìwé tí mo padà bá lọ, ìwé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba dìgírì mi, ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá àti ìwé dókítà, wọ́n kó wọn lọ bá ìjọba. Ìgbà tí ìwé ìfilọ̀ jáde ni mo tó gba físà Z, òun sì ni físà iṣẹ́. Lẹ́yìn tí mo dé, mo gbọ́dọ̀ béèrè fún ìwé àṣẹ ìgbé kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé, ilé-ìwé sì rán ẹnìkan tẹ̀ lé mi lọ síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú níbi tó ti ń fi físà míì kọ́ni, òun fúnra rẹ̀ lọlọ́pàá máa bi léèrè ọ̀rọ̀. Ajẹ́ntì kò ní sí nítòsí.

Ìlànà wọn ní kí olùkọ́ èdè jẹ́ ẹni tó ń kọ́ èdè abínibí rẹ̀, tó gboyè ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń sọ èdè náà, tó sì ti ṣiṣẹ́ ìkọ́ni fún ọdún méjì. Ẹni tó bá ní dìgírì ẹ̀kọ́ olùkọ́ tàbí sátífíkéètì ìkọ́ni tí ayé mọ̀, wọ́n lè gbójú fo ọdún méjì yẹn fún un. Láti ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni Ṣáínà ti wọ àdéhùn Apostille, ìyẹn àdéhùn lórí òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí ìwé tó ń lọ sókè òkun. Ẹni tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ bá wà nínú àdéhùn náà, òǹtẹ̀ kan ti tó fún ìwé rẹ̀, kò nílò kó tún gbé e lọ sí ẹ́ḿbásì wọn mọ́. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ọ̀nà gígùn ló ṣì kù fún un, kó tètè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí èyí. Ní oṣù keje ọdún 2021, ìjọba wọn de àwọn ilé ẹ̀kọ́ àfikún tó ń kọ́ ọmọdé níṣẹ́ ilé-ìwé ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ní ọlidé. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ̀ yín, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ilé ẹ̀kọ́ náà kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà.

Olùkọ́ tẹ́lẹ̀ rí, Gúúsù Kòríà

Tèmi ò pọ̀. Físà E-2 ni wọ́n ń fún olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní hagwon, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí àwọn ọmọ ń lọ lẹ́yìn ilé-ìwé. Orílẹ̀-èdè méje ni wọ́n ń mú: Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba, Kánádà, Ọsirélíà, New Zealand, Ireland àti Gúúsù Áfíríkà. Ẹni tí kò sí nínú méje yìí, kó má jẹ́ kí ajẹ́ntì kankan fi ẹnu dídùn gba owó rẹ̀ lórí E-2.

Ilé-ìwé tó bá gba olùkọ́ ni orúkọ rẹ̀ wà lórí físà náà, ènìyàn ò lè ṣàdédé ṣí lọ síbòmíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá olùkọ́ tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ sọ̀rọ̀ kí n tó fọwọ́ síwèé. Àbúrò kan ló gbé fóònù. Ó sọ iye aago tí wọ́n ń jáde, ó sọ bí yàrá tí wọ́n ń fún ènìyàn ṣe rí, ó ní owó oṣù kì í pẹ́ dé. Ohun tó sọ gan-an ni mo bá níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ṣiṣẹ́ fún ọdún kan gbáko, òfin ní kí wọ́n san owó oṣù kan lé e lọ́wọ́ nígbà tó bá ń lọ. Kì í ṣe ọrẹ, ẹ̀tọ́ ni.

Ìyáàfin olùkọ́, Jàpáànù

Mo fẹ́ kí àwọn tí wọ́n ti já kulẹ̀ nítorí páásípọ́ọ̀tù gbọ́ tèmi. Ìkéde iṣẹ́ tí mo rí ní àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti inú ìyá nìkan ni wọ́n fẹ́. Ìfẹ́ ọkàn ilé-ìwé nìyẹn, òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de ní Jàpáànù ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ èdè tó fẹ́ gba físà olùkọ́ ni pé kó ti fi èdè tó fẹ́ kọ́ni kàwé fún ọdún méjìlá ó kéré tán.

Èmi láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ mi. Mo padà lọ bá àwọn ilé-ìwé tí mo lọ, mo gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan, tó sọ ọdún tí mo wọlé, ọdún tí mo jáde, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Ọ̀gá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mi àtijọ́ ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó gba ipò rẹ̀ ló ṣí rẹ́jísítà àtijọ́ tó fi rí orúkọ mi. Mo kó gbogbo lẹ́tà náà mọ́ ìwé ìwáṣẹ́ mi, mo sì fi ìlà kan ṣàlàyé òfin yẹn fún ọ̀gá ilé-ìwé náà. Kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó pè mí.

Nínú intafíù, ó bi mí bí mo ṣe máa ṣe é bí ọmọ bá ń sunkún, tí kò sì gbọ́ èdè mi, tí èmi náà ò gbọ́ tirẹ̀. Ìbéèrè yẹn jẹ́ kí n mọ̀ pé ọmọ ló ká a lára. Mo ṣì wà lọ́dọ̀ wọn.

Olùkọ́ kan, Dubai

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ owó àti ìwé àdéhùn kún un. Kò yẹ kí olùkọ́ sanwó kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́. Àjọ àwọn òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, ti fi í sínú àdéhùn 181 ọdún 1997 pé kí ajẹ́ntì má gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Òfin iṣẹ́ ti UAE, orílẹ̀-èdè tí Dubai wà, èyí tí wọ́n ṣe ní 2021, ní agbanisíṣẹ́ ló ni ìnáwó ìgbanisíṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó oṣù. Kò sì sí ọ̀gá tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba páásípọ́ọ̀tù òṣìṣẹ́ tì sọ́wọ́. Wọ́n bi mí léèrè tèmi nígbà tí mo dé, mo mú ẹ̀dà fún wọn, mo sì fi ti gidi sápò. Wọn ò tún béèrè mọ́.

Nínú ìwé àdéhùn, ẹ wo wákàtí dáadáa. Wákàtí tí ènìyàn ń kọ́ni yàtọ̀ sí wákàtí tó fi ń jókòó sílé-ìwé. Tí ìwé bá sọ ọ̀kan láìsọ èkejì, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Àbúrò tó ń wáṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ilé-ìwé kan ní Thailand ní kí n fi físà arìnrìn-àjò wá, kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì tí mo bá dé, pé àwọn á ṣe ìwé tó bá yá. Kí ni kí n ṣe?

Olórí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, Thailand

Àbúrò mi, má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Físà Non-B ni ti olùkọ́, ìwé àṣẹ iṣẹ́ á wá tẹ̀ lé e. Lóòótọ́, àwọn kan máa ń wọlé bí arìnrìn-àjò kí wọ́n tó yí físà padà níbẹ̀, bí ọjọ́ tó kù lórí rẹ̀ bá tó. Ṣùgbọ́n kíkọ́ni kí ìwé àṣẹ iṣẹ́ tó jáde ni òfin kọ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú máa san owó ìtanràn láti 5,000 sí 50,000 baht, ìyẹn owó Thailand, wọ́n á sì dá a padà sílé. Ilé-ìwé pàápàá máa san láti 10,000 sí 100,000 baht lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ilé-ìwé tó mọ ohun tó ń ṣe kì í fẹ́ irú ewu bẹ́ẹ̀.

Kọ̀wé sí wọn lónìí. Bèèrè irú físà tí wọ́n máa kọ lẹ́tà fún, kí wọ́n sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Sọ fún wọn pé o ṣe tán láti kọ́ kíláàsì kan lórí Zoom kí wọ́n wò ọ́, kí wọ́n sì fún ọ ní nọ́ḿbà olùkọ́ òkèèrè kan tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ èyíkéyìí nínú rẹ̀, fi ìwé rẹ ránṣẹ́ sí ilé-ìwé míì. Oṣù kejì ò jìnnà mọ́.