Ètò ìjáde ọmọ iléèwé: ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa n'Íbàdàn fẹ́ tún ètò ìjáde ṣe. Ọmọ bí 300, géètì kan, títì wà níwájú ẹ̀. Kí la ó kọ́kọ́ ṣe?

Adúróṣinṣin: Ẹ má tú gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹ́lé-ó-sinmi ní 1:30, àwọn kékeré 1:45, àwọn àgbà 2:00. Kí òbí kọ orúkọ ẹni méjì péré tó lè wá mú ọmọ, kí ẹ lẹ fọ́tò wọn mọ́ ọn. Ọjọ́ òjò ló máa ń bàjẹ́: olùkọ́ á sá wọlé, ọlọ́kadà á ní "màmá ẹ̀ ló rán mi", ọmọ á gun ọ̀kadà. Tí orúkọ ẹni yẹn ò bá sí níbẹ̀, nọ́ńbà inú ìwé yín ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe pé kó fi fóònù tiẹ̀ pe "màmá" fún yín.

Bàbá Àdúgbò: Títì ńkọ́? Ẹni méjì, ọ̀kan lápá ibí, ọ̀kan lápá ọ̀hún, pẹ̀lú ẹ̀wù tó ń tàn àti pátákó DÚRÓ. Ọmọ mẹ́wàá-mẹ́wàá ni kó máa sọdá. Ẹ bá ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ kí tábìlì bọ́ọ̀nsì àti súìtì kúrò lódìkejì, torí òun gan-an ló ń mú ọmọ sáré dá títì. Ọkọ̀ tó dúró sẹ́nu géètì burú ju gbogbo ẹ̀ lọ: ọmọ kúrú, awakọ̀ tó ń bọ̀ ò ní rí i.

Adúróṣinṣin: Òótọ́ ni. Ẹ tún kọ nọ́ńbà pàjáwìrì 112, àti 122 ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó (FRSC), sára ògiri géètì.